Ilẹ̀ Mábù Tó Ń Yọ̀: Kò Dìgbà Tí A Bá Hú U

Ọ̀pọ̀ ìjọ ló ti fi òkúta mábù tẹ́ ilẹ̀ ilé ìsìn wọn nítorí ẹwà rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò bá rọ̀, tí omi bàtà àwọn ènìyàn sì kán sílẹ̀, ilẹ̀ tó ń dán bí dígí náà a di ewu fún àwọn àgbàlagbà. Egungun ìbàdí arúgbó tó bá sì ti fọ́ kì í tètè jinná. Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń kọ́kọ́ rò ni pé kí wọ́n hú òkúta náà dànù. A fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé kò pọn dandan.

Dídán kì í ṣe ọ̀dà tí wọ́n kùn sórí mábù. Òkúta náà fúnra rẹ̀ ni wọ́n lọ̀ títí ojú rẹ̀ fi tẹ́jú pátápátá. Nítorí pé kò sí gbágungbàgun kankan níbẹ̀, omi díẹ̀ tó bá wà láàárín òkúta àti bàtà ti tó láti gbé ènìyàn ṣubú. Bí a bá tún un lọ̀ kí ojú rẹ̀ lè họ díẹ̀, dídán náà a lọ, bàtà a sì rí ibi dì mú.

Ẹ̀rọ tó ń yí, irú èyí tí àwọn tó ń lọ ilẹ̀ teráàsò ń lò, ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n á so páàdì tó ní ẹ̀rún dáyámọ́ǹdì mọ́ abẹ́ rẹ̀. Bíi ti sáńpépà, bí nọ́ńbà páàdì bá ṣe kéré tó ni ó ṣe ń họ òkúta tó. 50 wà fún ilẹ̀ tó ní ọgbẹ́ jíjìn, 3000 ló ń mú un dán. Mábù tí kò bá ní ọgbẹ́, wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ láti 200, kí wọ́n sì dúró sí 400. Gbogbo ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà nínú mímọ ibi tí a ó ti dúró. Lẹ́nu ọ̀nà tí òjò ti ń fẹ́ wọlé, 400 lè má tó. Kí wọ́n dúró sí nọ́ńbà tó kéré sí i, kí ẹ sì tún tẹ́ ẹní ìnusẹ̀ síbẹ̀.

Omi gbọ́dọ̀ máa wà lórí ilẹ̀ ní gbogbo àkókò iṣẹ́, àgàgà bó bá jẹ́ gíráníìtì, nítorí ekuru rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Gíráníìtì tún le ju mábù lọ fíìfíì, iṣẹ́ rẹ̀ yóò sì pẹ́ jù.

Àwọn kan á ní kí ẹ da ásíìdì sí i, pé ó yá, pé owó pọ́ọ́kú ni. A kò fara mọ́ ọn. Lóòótọ́, ásíìdì ń pa dídán mábù. Ọtí kíkan àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ pàápàá ń ṣe é. Ṣùgbọ́n kì í jẹ ẹ́ dọ́gba, ó sì ń jẹ sìmẹ́ǹtì àárín òkúta pẹ̀lú.

Kí ẹ tó pe oníṣẹ́, ẹ wádìí bóyá òkúta gidi ni ẹ ní. Púpọ̀ nínú ohun tí à ń pè ní mábù lọ́jà jẹ́ amọ̀ sísun tí wọ́n ya àwòrán mábù sí lójú. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ èyí tó bá ti fọ́: ti òkúta gidi, ilà àti àwọ̀ rẹ̀ wọ inú lọ. Bó bá jẹ́ amọ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ẹ̀rọ lé e, nítorí yóò ha àwòrán náà dànù.

Mábù tí a pa dídán rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ kì í jinlẹ̀ tó ti tẹ́lẹ̀, ó sì ń tètè fa epo mu. Nítorí náà, kí wọ́n fi oògùn olómi tó ń wọnú òkúta láti dènà àbàwọ́n kùn ún. Ìjọ tó ń ta òróró sílẹ̀ níwájú pẹpẹ kò gbọdọ̀ fo ìyẹn. Ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ dán iṣẹ́ náà wò lábẹ́ àga kan, kí ẹ sì jẹ́ kí ibẹ̀ gbẹ tán kí ẹ tó pinnu, nítorí òkúta tó tutù máa ń dúdú ju bí yóò ṣe rí gan-an lọ.