Eyín Inú Eyín: Bí Wọ́n Ṣe Ń Tọ́jú Rẹ̀

Ẹ mú fìlà aláṣọ kan, kí ẹ fi ìka ti òkè rẹ̀ wọnú. Ṣé ẹ rí i? Aṣọ òde ti wọlé, kòtò sì ti yọ níbi tí ìka yín wà. Bí dens invaginatus ṣe rí nìyẹn. Èdè Látìn ni. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní eyín inú eyín, torí nínú fọ́tò ẹ́síréè, ńṣe ló dà bíi pé eyín kékeré sá pamọ́ sínú eyín ńlá.

Kí eyín tó yọ, nígbà tó ṣì rọ̀, ni apá kan rẹ̀ ti ká wọnú. Kì í ṣe ẹ̀bi súìtì, kì í ṣe àìfọnu. Eyín kejì láti àárín lókè ló sábà máa ń ṣe. Bí wọ́n bá rí i lọ́tùn-ún, kí wọ́n wo ti òsì náà o.

Kòtò yẹn ni wàhálà. Búrọ́ọ̀ṣì kò dé ibẹ̀, pákò kò dé ibẹ̀, àmọ́ oúnjẹ àti kòkòrò àìfojúrí ń dé ibẹ̀. Wọ́n á gba ibẹ̀ dé mùdùnmúdùn eyín, ibi rírọ̀ tí iṣan àti ẹ̀jẹ̀ wà, wọ́n á pa á, ọyún á sì gbára jọ sídìí gbòǹgbò. Ìdí nìyẹn tí eyín funfun báláú, tí kò ní ihò kankan lójú, fi lè mú kí èrìgì wú.

Ní 1957, onímọ̀ nípa eyín kan tó ń jẹ́ Oehlers pín in sí oríṣi mẹ́ta. Nínú èkíní, kòtò náà kò kọjá apá eyín tó hàn sójú. Nínú èkejì, ó wọ gbòǹgbò, ó sì parí síbẹ̀ bí àpò. Ẹ̀kẹta ló ń dààmú dókítà: ó gba inú gbòǹgbò já síta.

Bí mùdùnmúdùn bá ṣì yè, dókítà lè dí ẹnu kòtò pa, bí ẹni dí ihò eku. Bí ó bá ti kú, ó di root canal, ìyẹn ìfọ̀mọ́ gbòǹgbò.

Wọ́n á fún yín ní abẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kó dùn yín, wọ́n á fi rọ́bà pẹlẹbẹ ya eyín náà sọ́tọ̀ kí itọ́ má bàa kàn án, wọ́n á wá lu ihò kékeré sí ẹ̀yìn rẹ̀. Irinṣẹ́ tín-ín-rín ni wọ́n fi ń ha inú gbòǹgbò. Ṣùgbọ́n kòtò eyín yìí máa ń wọ́, ibòmíràn sì wà tí irinṣẹ́ kì í dé, nítorí náà oògùn olómi ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù. Ó bá omi tí ẹ fi ń fọ aṣọ funfun tan, ẹ má sì dán an wò nílé! Irinṣẹ́ mìíràn á máa gbọ̀n rìrì nínú omi náà kí ó lè wọ kọ̀rọ̀. Nígbà mìíràn wọ́n á fi oògùn funfun bí ẹfun sínú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí wọ́n tó fi rọ́bà kan tó ń jẹ́ gutta-percha dí i. Oje igi ni wọ́n fi ń ṣe rọ́bà yìí.

Ibi tó wù mí jù rèé: nínú oríṣi kẹta, kòtò lè ti bàjẹ́ kí mùdùnmúdùn ṣì wà láàyè. Dókítà tó ní sùúrù á fọ kòtò nìkan, á dí i, á sì fi ìyókù sílẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, wọ́n á tún ya ẹ́síréè. Bí iṣẹ́ bá dára, àbàwọ́n dúdú tó wà nídìí gbòǹgbò, níbi tí ọyún gbára jọ sí, á ti máa kéré sí i, egungun tuntun á ti máa kún ibẹ̀.