Preamp olówó gọbọi tó ní DAC nínú: kí ló yẹ kí a wò kí a tó rà á ní Ìlú Bìní?

Láàárín ọdún 1909 sí 1910, Northcote Thomas, òyìnbó tí ìjọba amúnisìn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rán wá ṣèwádìí nípa àṣà àti èdè, gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kiri ilẹ̀ Ẹdó. Inú ìda ló ń gba orin àti ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ará ìlú sí. Àwọn ìda náà wà ní British Library ní Lọ́ńdọ̀nù dòní, wọ́n sì ti sọ ohùn inú wọn di nọ́ńbà. Nígbà tó yá, Sir Victor Uwaifo, ọmọ Ìlú Bìní tó kọ orin Joromi, kọ́ ilé ìgbohùnsílẹ̀ tirẹ̀ sínú ìlú náà. Téèpù ni wọ́n ń lò láyé ìgbà yẹn. Ní 2021, ọdún tí Uwaifo kú, ilé-iṣẹ́ Analog Africa ti ilẹ̀ Jámánì kó díẹ̀ nínú orin rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti Osayomore Joseph àti Akaba Man, wọ́n pè é ní Edo Funk Explosion Vol. 1. Lónìí, orí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ugbowo tàbí Sapele Road ní Ìlú Bìní yóò ti wá a gbọ́.

Ìda ni o, téèpù ni o, gbogbo rẹ̀ ti di nọ́ńbà, etí kì í sì í gbọ́ nọ́ńbà. Ẹ̀rọ kan gbọ́dọ̀ sọ nọ́ńbà yẹn padà di iná kí sípíkà tó lè fọhùn. Ẹ̀rọ náà ni DAC. Ó wà nínú fóònù yín, ó wà nínú tẹlifíṣọ̀n. Preamp ní tirẹ̀ ni ẹ̀rọ tí gbogbo orísun orin ń já sí kí orin tó dé ọ̀dọ̀ ampílífáyà tó ń ti sípíkà: ibẹ̀ la ti ń yan ohun tí a fẹ́ gbọ́, ibẹ̀ la sì ti ń yí ohùn sókè sódò. Láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àwọn ilé-iṣẹ́ ti ń kó méjèèjì sínú àpótí kan, owó rẹ̀ sì lè tó owó ọkọ̀ tokunbo. Nítorí náà, ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ rà á mọ ohun tí owó rẹ̀ ń rà.

Nọ́ńbà ara páálí ni kí a kọ́kọ́ yanjú, torí òun ni wọ́n fi ń tajà jù. Ẹ ó rí 192 kHz, 384, 768, bits 24 tàbí 32. kHz ń sọ iye ẹgbẹ̀rún ìgbà tí wọ́n ń wọn ohùn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bits sì ń sọ bí ìpele ìwọ̀n náà ṣe pọ̀ tó. Síídì, tó jáde ní Jàpáàn ní oṣù kẹwàá 1982, ń wọn ìgbì ohùn ní ìgbà 44,100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì ń fi ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan sí ọ̀kan nínú ìpele 65,536. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ohùn tó ti ibẹ̀ jáde rí kángunkàngun bí àtẹ̀gùn, pé bí nọ́ńbà bá ṣe pọ̀ tó ni àtẹ̀gùn náà ń dán tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Harry Nyquist ní 1928 àti Claude Shannon ní 1949 ti là á yé wa pé tí a bá ti wọn ìgbì kan ju ìlọ́po méjì ìyára ìgbọ̀n rẹ̀ tó ga jù lọ, gbogbo ìgbì náà ló máa padà, ó máa padà geere, kò sí kángunkàngun kankan níbẹ̀. Etí ọ̀dọ́ tó mú ṣáṣá kì í gbọ́ kọjá nǹkan bí 20,000 Hz. Ìdajì 44,100 jẹ́ 22,050. Síídì ti borí etí wa.

Àwọn kan ti dán an wò. Ní 2007, Meyer àti Moran gbé èsì àyẹ̀wò wọn jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Audio Engineering Society: wọ́n fún àwọn olùgbọ́ ní orin onínọ́ńbà gíga àti orin kan náà tí wọ́n ti rẹ̀ sílẹ̀ sí ìwọ̀n síídì, wọ́n ní kí wọ́n sọ èwo ni èwo. Nínú ìgbà 554, ìgbà 276 ni wọ́n gbà á. Ẹni tó di ojú tó ń sọ owó ẹyọ sókè máa gba iye kan náà. Joshua Reiss ti Queen Mary University of London kó àyẹ̀wò 18 jọ ní 2016, ó sì rí i pé àwọn ènìyàn ń gbà á ní ìdá 52.3 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyàtọ̀ wà, ṣùgbọ́n ó tín-ín-rín gan-an. Ẹ wá wo iye dátà tó ń jẹ: orin bits 24, 192 kHz tí a kò fún pọ̀ yóò jẹ gígábáìtì mẹ́rin lé díẹ̀ ní wákàtí kan, ti síídì kò tó mẹ́gábáìtì 640. Kò sí ìdí tí ẹni tó ń fi owó ara rẹ̀ ra dátà yóò fi fi owó kún owó àpótí nítorí 768.

Orúkọ chip, ìyẹn ẹ̀yà kékeré inú DAC tó ń sọ nọ́ńbà di iná, kò yẹ kó máa dà wá láàmú. Ní oṣù kẹwàá 2020, iná sọ ní ilé-iṣẹ́ AKM tó ń ṣe chip ní Nobeoka ní Jàpáàn, chip tí ọ̀pọ̀ DAC olówó ńlá kárí ayé gbójú lé sì di àwátì. RME ti ilẹ̀ Jámánì, tó ń ṣe ADI-2 DAC, yọ chip AKM kúrò, ó fi ti ESS ti Amẹ́ríkà sí i, àpótí náà sì ń tà lọ, àwọn tó ń fi ẹ̀rọ wọn ohùn ṣì ń yìn ín. Ọwọ́ ẹni tó to iná yí chip ká ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ẹ rántí MQA pẹ̀lú, ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń fún orin onínọ́ńbà gíga pọ̀: àwọn ènìyàn san owó kún owó nítorí àmì yẹn lójú ẹ̀rọ, àmọ́ ilé-iṣẹ́ tó ni ín ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kógbá wọlé ní 2023, Tidal tó ń gbé orin sórí íńtánẹ́ẹ̀tì sì pa á tì ní 2024.

Ibi tí owó ti ń ṣiṣẹ́ gan-an ni ibi tí a ti ń yí ohùn. Púpọ̀ nínú wa rò pé preamp wà láti sọ orin di ńlá. Ẹ̀rọ síídì ń gbé nǹkan bí fóòtì (volt) méjì jáde níbi tí orin ti pariwo jù, ọ̀pọ̀ ampílífáyà sì ti dé òpin agbára wọn ní fóòtì kan sí méjì. Nínú yàrá lásán, dídín orin kù ni preamp ń ṣe láti àárọ̀ dalẹ́. Tí bọ́tìnnì ìyíhùn bá jẹ́ ti ayé àtijọ́ tí kò dáa tó, ẹ ó rí i pé bí ẹ bá rẹ orin sílẹ̀ lóru, sípíkà ọ̀tún á máa pariwo ju ti òsì lọ. Àwọn tó gbówó lórí ń lo rílè (relay), bọ́tìnnì kékeré tí iná ń tẹ̀, ẹ ó gbọ́ tà-tà-tà nínú àpótí bí ẹ bá ń yí i, ọ̀tún àti òsì á sì dọ́gba títí dé ìsàlẹ̀. Àwọn mìíràn ń dín nọ́ńbà kù kó tó dé DAC. Èyí náà dáa, àmọ́ ariwo tín-tìn-tín tó jẹ́ ti DAC fúnra rẹ̀ kì í dín kù pẹ̀lú orin. RME yanjú èyí nípa fífi ìpele agbára mẹ́rin síbi tí ohùn ń gbà jáde, tó ń pààrọ̀ fúnra rẹ̀ bí ẹ ṣe ń yí i.

Àyẹ̀wò rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kò le. Ẹ ní kí wọ́n so ó mọ́ ampílífáyà àti sípíkà, kí wọ́n má fi orin sí i, kí ẹ yí ohùn dé ibi tí ẹ máa ń gbé e sí nílé, kí ẹ sì gbé etí sún mọ́ sípíkà kékeré tó wà lókè. Tí ẹ bá ṣì ń gbọ́ ṣííí nígbà tí ẹ padà sí orí àga, ẹ fi sílẹ̀. Tí ó bá jẹ́ hùùù ló ń ṣe, ó lè má jẹ́ ẹ̀bi preamp: ẹ yọ wáyà USB kọ̀ǹpútà kí ẹ tún gbọ́. Tí ariwo bá lọ, iná ń gba ara wáyà yẹn yí ká ni. Wáyà optical máa ń yanjú rẹ̀, nítorí ìmọ́lẹ̀ ló ń gbà á kọjá, iná kò lè bá a wọlé. Ẹ rí i dájú pé ojú ihò optical wà lẹ́yìn àpótí náà.

Ẹni tí bàbá rẹ̀ fi àwo rẹ́kọ́ọ̀dù Uwaifo sílẹ̀ fún ní ohun mìíràn láti wò. Ọ̀pọ̀ nínú preamp oní-DAC kò ní ojú ihò phono. Ohun tí abẹ́rẹ́ àwo ń gbé jáde jẹ́ nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú ẹgbẹ̀rún fóòtì kan. Yàtọ̀ sí pé ó kéré, wọ́n ti dín ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ kù, wọ́n sì ti fi kún ti òkè nígbà tí wọ́n ń gé àwo náà, bí òfin RIAA ti 1954 ṣe là á sílẹ̀. Tí kò bá sí ẹ̀rọ tó ń dá a padà, gìtá á máa dún tín-ín-rín, báàsì kò ní sí rárá.

Gbogbo èyí ṣì lè já sí asán tí a kò bá ro ti iná. Ní Ìlú Bìní, BEDC ló ń pín in, 230 fóòtì ló sì yẹ kó jẹ́. Ẹni tó ń gbé ibẹ̀ mọ̀ pé ó máa ń lọ sílẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì máa ń fò sókè nígbà tí wọ́n bá mú un dé. Àwọn ìwé ìròyìn òyìnbó fẹ́ràn àpótí wíwúwo tó ní transformer ńlá nínú. Èmi kò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn rẹ̀ níbí. Transformer bẹ́ẹ̀ wà fún fóòtì kan pàtó. Tí ìńfátà yín kò bá gbé ìgbì iná tó yí roboto jáde, á máa kùn, á sì máa gbóná. Èyí tí wọ́n kọ 100–240 sí lẹ́yìn, bíi Benchmark DAC3 HGC ti Amẹ́ríkà, á gba iná ìlú tó ti rẹ̀, á gba jẹnẹrétọ̀, kò ní bínú. Tokunbo láti Jàpáàn sábà máa ń jẹ́ 100 fóòtì péré, ti Amẹ́ríkà 120. Ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó fi sínú iná, kì í ṣe lẹ́yìn tó bá ti rùn.

Ọ̀nà kan tún wà tí mo fẹ́ràn jùlọ fún ilé tó ń lo iná oòrùn. ADI-2 DAC kì í gba iná ilé tààrà: 12 fóòtì ló ń lò, ó sì fara da láti 9.5 dé 15. Bátìrì 12 fóòtì lè gbé e láìsí ìńfátà láàárín, láìsí ariwo jẹnẹrétọ̀ kankan nínú orin. Àmọ́ bátìrì tó ń gba iná lọ́wọ́ máa ń dé nǹkan bí 14.4, irú ìgbaná àkànṣe tí wọ́n ń fi sọ bátìrì olómi jí sì lè kọjá 15, nítorí náà ẹ yọ wáyà rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Tí bátìrì ilé bá jẹ́ 24 tàbí 48, ẹ má ṣe fa wáyà lára ẹyọ kan nínú wọn, torí ìyẹn yóò máa tán ju àwọn yòókù lọ. Ẹ ra kékeré kan fún òun nìkan. Kí fíúsì wà nítòsí orí bátìrì, kí ẹ sì yẹ àmì àròpọ̀ àti àyọkúrò wò lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó so ó.