Kíka Géèjì Tọ́bò: Ohun tí Nọ́ḿbà Ń Sọ fún Awakọ̀ Tírélà

Bí ẹnikẹ́ni bá bi wá léèrè ohun tí olùkọ́ lítíréṣọ̀ ń wá nídìí ẹ́ńjìnnì, ìdáhùn wa ni pé kíkà ni iṣẹ́ wa. Nọ́ḿbà tí ń tàn lójú géèjì tọ́bò sì jẹ́ ohun tí a gbọ́dọ̀ kà ní àkàyé.

Ní ọdún 1905 ni Alfred Büchi, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, forúkọ ìhùmọ̀ tọ́bò sílẹ̀ lábẹ́ òfin. Èéfín gbígbóná tí ẹ́ńjìnnì ń tú jáde ni ó ń yí abẹ̀bẹ̀ kan. Èyí ń yí èkejì rẹ̀, èkejì sì ń fi agbára ti afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì. Bí afẹ́fẹ́ bá dín tí dísẹ́ẹ̀lì kò dín, èéfín dúdú yóò máa rú, ooru yóò sì lékún.

Ẹ̀rọ kékeré tí ó wà lójú ọ̀nà afẹ́fẹ́ ni ó ń sọ agbára yìí di iná mànàmáná, tí géèjì fi ń sọ ọ́ di nọ́ḿbà. Níhìn-ín ni a ti lè ṣì í kà. Ní etí òkun, afẹ́fẹ́ ayé fúnra rẹ̀ ń tẹ ohun gbogbo ní ìwọ̀n psi 14.7. Géèjì kan a máa kà á mọ́ ọn, òmíràn a yọ ọ́ kúrò. Nítorí náà, 25 lójú géèjì kan àti 39.7 lójú òmíràn lè jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà. Kí awakọ̀ tan géèjì kí ó tó tan ẹ́ńjìnnì: bí ó bá fi òdo hàn, a ti yọ afẹ́fẹ́ ayé kúrò, bí ó bá súnmọ́ 14.7, a kò yọ ọ́.

Ṣùgbọ́n nọ́ḿbà kan ṣoṣo kò tó ẹ̀rí. Kí awakọ̀ mọ iye tí ọkọ̀ rẹ̀ máa ń mú wá lórí òkè kan náà, pẹ̀lú ẹrù kan náà àti jíà kan náà. Bí 25 bá di 15, ó ṣeé ṣe kí rọ́bà afẹ́fẹ́ ti ya, tàbí kí fílítà ti dí. Bí ó bá kọjá òpin tí àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ náà là sílẹ̀, fáàfù tí ń dín in kù lè ti há.

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó. Tírélà tí ó gbé ẹrù láti Apapa lọ sí Kano, tí ó wá kú sójú òkè lóru, ẹ̀mí awakọ̀ nìkan kọ́ ni ó fi wewu. Géèjì kì í tún ọkọ̀ ṣe. Ìkìlọ̀ ni tirẹ̀. Ọwọ́ ẹni tí ó kà á ni ìyókù wà.