Ilé-Ìwé Ló Sọ Oko Di Ibi Ìsinmi

Àṣà tó ti pẹ́ ni ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Bẹyẹrúnká nílùú Ìbàdàn pé bí ilé-ìwé bá ti gba họ́lídè gígùn, àwọn ọmọ a gba oko lọ. Wọn a wọ ọkọ̀ lọ́nà Àkànrán, ó di ọ̀dọ̀ bàbá àgbà, ó di ìgbà tí ilé-ìwé bá wọlé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé láti ayé àwọn baba ńlá wa ni. Oko lílọ ló ti ayé wọn wá. Pé kí ọmọ máa lọ síbẹ̀ lọ sinmi, ilé-ìwé ló mú un wá.

Ibùdó ogun ni Ìbàdàn nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó ní nǹkan bí ọdún 1829. Ta ló fẹ́ nìkan sùn sínú igbó nígbà náà? Oko etílé ni mẹ̀kúnnù ń ro. Àwọn olóyè tó ní ọmọ ogun àti ẹrú ló ń ro oko ńlá. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Kírìjì túká lọ́dún 1893, ọkàn balẹ̀ láti wọ ẹgàn. Ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, kòkó ń mówó wá, abà sì ń di abúlé. Títí di òní, ọ̀pọ̀ abúlé náà ló ń jẹ́ orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ dá oko síbẹ̀. Ìdílé a wà lóko fún ọ̀pọ̀ oṣù, wọn a wálé ṣọdún, wọn a wálé sìnkú. Ọmọ tó bá ti lè di ọkọ́ mú ń ṣiṣẹ́. Kò sẹ́ni tó ń pe ìyẹn ní ìsinmi.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń bá bàbá lé ẹyẹ lóko wọ aṣọ ilé-ìwé. Bàbá wà lábúlé, ọmọ wà nígboro lọ́dọ̀ ìyá tàbí ìbátan, họ́lídè ló sì ń jẹ́ kí wọ́n ríra wọn pẹ́.

Àsìkò náà sì dára. Àgbàdo ti gbó, iṣu tuntun ti ń jáde. Olú ń hù lára ọ̀pẹ tó ti jẹrà. Bí òjò bá dá lálẹ́, àwọn ọmọ a gbé fìtílà, wọn a tẹ̀lé àgbà lọ ṣa ìgbín. Láàárín oṣù kẹjọ òjò a dáwọ́ dúró díẹ̀, ojú ọ̀nà a gbẹ, àwọn ará ilé mìíràn a tún dé. Ibẹ̀ lọmọ ìgboro ti ń dá ẹ̀bọ̀lọ̀ mọ̀ yàtọ̀ sí yánrin, tó ń mọ̀ pé pèrègún tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà yẹn, ààlà ni. Iṣẹ́ wà o: omi pípọn, iṣu rírù. Ní tèmi, iṣẹ́ yẹn gan-an ló ń mú kí ilẹ̀ náà jẹ́ tiwọn.

Ní báyìí, lẹ́ẹ̀sìn ti gba ọ̀pọ̀ họ́lídè, ilé sì ti kún ọ̀pọ̀ ibi tó jẹ́ oko kòkó. Ọgbà Agodi ni ìdílé púpọ̀ ń kó ọmọ lọ. Ọdún 1967 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Omíyalé Ògùnpa ti oṣù kẹjọ ọdún 1980 bà á jẹ́, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì tún ṣí i ní 2014. Ibi tó dára ni, igi wà, afẹ́fẹ́ wà, òbí àti ọmọ ń jókòó jẹun pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò lè nawọ́ sí igi kan níbẹ̀ kó sọ fún ọmọ pé, “Bàbá mi ló gbin èyí.”

Agbo ilé tó ṣì ní ilẹ̀ lọ́nà Àkànrán, Ẹgbẹ́dá tàbí Lálúpọn kò níláti dúró de họ́lídè gígùn. Ọjọ́ Àìkú kan tó. Kí wọ́n kó àwọn ọmọ lọ lọ́dún yìí, nígbà tí àwọn àgbà tó mọ ibi tí pèrègún wà ṣì lè rìn débẹ̀.