Ojú Ìkókó Tó Pọ́n: Ohun Tó Yẹ Kí Òbí Mọ̀ Kí Ọjọ́ Ìkómọ Tó Pé

Ibà pọ́njú ìkókó ni kí funfun ẹyinjú ọmọ tuntun àti awọ ara rẹ̀ di àwọ̀ ìyeyè láàárín ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n bí i. Ó wọ́pọ̀ gan-an. Nínú ọmọ 10 tó pé oṣù kí wọ́n tó bí i, nǹkan bí 6 ló máa ń ní in. Nínú ọmọ 10 tí kò pé oṣù, nǹkan bí 8 ni. Èyí tó pọ̀ jù lára wọn kì í rí ewu kankan, ojú wọn á sì mọ́ fúnra rẹ̀ kí wọ́n tó pé ọ̀sẹ̀ méjì. Ṣùgbọ́n èyí tó bá máa le, wéré ló ń le. Bí wọn kò bá tètè tọ́jú rẹ̀, ó lè gba ẹ̀mí ọmọ, ó sì lè ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́. Ní Nàìjíríà, ó wà lára ohun tó sábà máa ń sọ ọmọ di ẹni tí kò lè gbé ọrùn dúró, tí kò lè jókòó, tí kò sì lè rìn.

Ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta ló sábà máa ń yọjú. Ó máa ń le jù láàárín ọjọ́ kẹta sí ọjọ́ karùn-ún, lẹ́yìn náà ló ń rọlẹ̀. Èyí túmọ̀ sí pé kí wọ́n tó kó ọmọ jáde lọ́jọ́ kẹjọ ni ewu rẹ̀ pọ̀ jù, nígbà tí gbogbo ilé ń sáré ọbẹ̀ àti aṣọ ìkómọ. Ẹ jẹ́ ká fi Àlímọ̀ṣọ́ ṣe àpẹẹrẹ: òun, tí Àgbàdo Òkè-Odò wà lára rẹ̀, ni ìjọba ìbílẹ̀ tí èrò pọ̀ jù ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka 1,277,714 ènìyàn níbẹ̀. Bí àwọn kan ṣe ń bímọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ládùúgbò yìí, bẹ́ẹ̀ ni àwọn mìíràn ń bí sí ilé ìwòsàn aládàáni, sí ọ̀dọ̀ ìyá agbẹ̀bí tàbí sí ilé ìgbẹ̀bí ìjọ. Ọ̀pọ̀ abiyamọ ló ń padà sílé lọ́jọ́ tí wọ́n bímọ gan-an tàbí lọ́jọ́ kejì, nígbà tí ojú ọmọ ṣì mọ́ kedere. Nígbà tí yóò bá pọ́n, kò sí nọ́ọ̀sì nítòsí mọ́. Àwọn ará ilé nìkan ló kù tí wọ́n lè rí i.

Rírí i sì lè ṣòro díẹ̀, nítorí pé ìkókó wa máa ń pupa nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bí i kó tó wá dúdú. Àwọn ìyá àgbà á ní kí ẹ wo etí rẹ̀ kí ẹ lè mọ àwọ̀ tí yóò ní lọ́la. Nínú iyàrá tí wọ́n ta kọ́tìnì sí, lábẹ́ gílóòbù tí iná rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, ara tó ti ń pọ́n lè jọ ara ọmọ pupa lásán. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ wà ni kí wọ́n gbé ọmọ lọ, lẹ́bàá fèrèsé tàbí lẹ́nu ọ̀nà, láràárọ̀. Kí ìyá fi ìka tẹ ṣóńṣó imú ọmọ tàbí iwájú orí rẹ̀, kó sì yọ ìka kíá: bí ojú ibi tó tẹ̀ bá ní àwọ̀ ìyeyè, ibà pọ́njú ti wọlé. Kó wo funfun ẹyinjú àti èrìgì, kó sì wo àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀. Láti orí ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, tí yóò sì máa sọ̀ kalẹ̀ sí àyà, ikùn àti ẹsẹ̀. Ọmọ tí àwọ̀ náà bá ti dé àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ilé ìwòsàn ló kàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ṣùgbọ́n ojú lásán kò lè sọ bó ṣe pọ̀ tó. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tàbí ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbé lé awọ ọmọ ló lè sọ ọ́.

Inú ẹ̀jẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà máa ń lo nǹkan bí 120 ọjọ́ kó tó gbó. Ti ìkókó kì í sábà ju 90 ọjọ́ lọ, bẹ́ẹ̀ ó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ju ti àgbà lọ. Bí èyí tó ti gbó bá ṣe ń fọ́, ó ń tú èròjà kan tó ní àwọ̀ ìyeyè sílẹ̀, tí àwọn dókítà ń pè ní bilirubin. Nígbà tí ọmọ wà nínú oyún, ibi ọmọ ló ń bá a kó èròjà yìí lọ sára ìyá. Lẹ́yìn ìbímọ, ẹ̀dọ̀ ọmọ ló máa dá iṣẹ́ náà ṣe, tí yóò sọ bilirubin di ohun tó lè bá ìgbẹ́ jáde. Ẹ̀dọ̀ tuntun kò tíì mọ́wọ́ iṣẹ́ ọ̀hún, ìdí nìyẹn tí bilirubin fi ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, tó sì ń fara hàn lójú àti lára. Bó bá kọjá ààlà, ó lè ti inú ẹ̀jẹ̀ wọ ọpọlọ. Apá ibi tó ń darí ìrìn ara, ìgbọ́ràn àti yíyí ẹyinjú sókè ló máa ń bàjẹ́ jù níbẹ̀, kò sì sí oògùn tó lè tún un ṣe tó bá ti bàjẹ́ tán.

Oríṣiríṣi nǹkan ló lè mú kó le. Ọmọ tí kò pé oṣù, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò tíì gbó tó. Ọmọ tí orí rẹ̀ wú nígbà ìrọbí, ẹ̀jẹ̀ tó dì síbẹ̀ á máa fọ́ díẹ̀díẹ̀. Ọmọ tí kò rí ọmú mu tó kò ní máa yàgbẹ́ dáadáa, èròjà náà á sì tún padà sínú ẹ̀jẹ̀. Kòkòrò àrùn tó bá gba ìwọ́ tàbí ibòmíràn wọ ara ọmọ náà ń fà á. Ẹ̀jẹ̀ ìyá àti ti ọmọ sì lè ṣàì bára mu: ìyá tí irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ O lè bí ọmọ tó jẹ́ A tàbí B, ìyá tí Rhesus ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ négétíìfù sì lè bí ọmọ tí tirẹ̀ jẹ́ pọ́sítíìfù. Nígbà náà, ohun tí ara ìyá ṣe láti fi gbèjà ara rẹ̀ á máa fọ́ ẹ̀jẹ̀ ọmọ.

Èyí tó kan àwa Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n ni àìtó G6PD. G6PD ni èròjà tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì pupa lọ́wọ́ àwọn kẹ́míkà tó lè fọ́ ọ. Ó tó ọkùnrin kan nínú márùn-ún láàárín wa tí tirẹ̀ kò tó. Ìyá ló máa ń gbé e fún ọmọkùnrin, láìjẹ́ pé ohunkóhun ṣe ìyá fúnra rẹ̀. Ìdí tó fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ wa kò ṣẹ̀yìn ibà ẹ̀fọn. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, olùwádìí Lucio Luzzatto àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn lọ́dún 1969 pé kòkòrò ibà kì í fi bẹ́ẹ̀ gbilẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì pupa tí G6PD rẹ̀ kò tó. Ohun tó gba àwọn baba ńlá wa lọ́wọ́ ibà ló wá ń ṣe ìkókó léṣe lónìí.

Káńfọ̀ ni ọ̀tá ńlá fún ọmọ tí G6PD rẹ̀ kò tó. Àwọn kóró funfun róbótó tí wọ́n ń tà lọ́jà, tí òórùn wọn máa ń ta síni nímú, ni wọ́n ń fi lé aáyán àti kòkòrò kúrò nínú àpótí aṣọ. Aṣọ tí ẹ̀gbọ́n ọmọ lò lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, ìborùn àti aṣọ òkè tí wọ́n fẹ́ fi kó ọmọ jáde, inú àpótí yìí ni wọ́n ti máa ń yọ wọ́n. Naphthalene tó wà nínú káńfọ̀ ń gba imú àti awọ tẹ́lẹ́tẹ́lẹ́ wọ ara ọmọ, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ọmọ tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá lánàá lè ti pọ́n dé ẹsẹ̀ lọ́la. Kí àwọn òbí má fi káńfọ̀ sí aṣọ ọmọ rárá, kí wọ́n má sì gbé e sí iyàrá tí ọmọ ń sùn. Ìpara àti àtíkè tó ní menthol náà kò yẹ ìkókó, pàápàá lójú ìwọ́.

Bí ojú ọmọ bá pọ́n, ìmọ̀ràn kì í wọ́n nílé. Àwọn kan á ní kí wọ́n bọ ìbẹ́pẹ dúdú fún ọmọ mu, àwọn mìíràn á ní kí wọ́n po glúkóòsì. Àwọn kan a máa kán oògùn apakòkòrò tí wọ́n rà ní kẹ́mísì sí i lẹ́nu. Kò sí ìkankan nínú wọn tó ń yọ bilirubin kúrò lára. Omi tó kún ikùn ọmọ kò ní jẹ́ kó mu ọmú, bẹ́ẹ̀ ọmú gan-an ló ń jẹ́ kó yàgbẹ́. Omi ọmú àkọ́kọ́, èyí tó ki tó sì pupa díẹ̀, ló ń ti ìgbẹ́ dúdú tó wà nínú ìfun ọmọ jáde. Kí ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í fún un lọ́mú láàárín wákàtí kan tí wọ́n bí i, kó sì máa fún un ní ìgbà 8 sí 12 láàárín ọjọ́ kan, tọ̀sán tòru.

Oòrùn ni ìmọ̀ràn tó wọ́pọ̀ jù, ó sì nídìí. Lọ́dún 1956, ní ilé ìwòsàn Rochford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Ward máa ń gbé àwọn ọmọ tí kò pé oṣù jáde sínú oòrùn. Lọ́jọ́ kan, àwọn dókítà rí ọmọ kan tí ara rẹ̀ ti mọ́, àfi ibì kan tí àwọ̀ ìyeyè ṣì wà: ibẹ̀ ni etí aṣọ bò mọ́lẹ̀ nínú oòrùn. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti wádìí pé ìmọ́lẹ̀ ń yí bilirubin padà sí ohun tí ara lè tú dànù. Nígbà tó di ọdún 1958, wọ́n gbé iná ìtọ́jú jáde. Ìmọ́lẹ̀ búlúù ló ń ṣiṣẹ́ náà jù. Wọ́n á bọ́ aṣọ ọmọ, wọ́n á di ojú rẹ̀, wọ́n á tẹ́ ẹ sábẹ́ iná fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ìyá á sì máa gbé e láti fún un lọ́mú. Bí èyí kò bá tó, wọ́n á pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Oòrùn òwúrọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́nu ilẹ̀kùn kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Kò lágbára tó, kò sì pẹ́ tó. Oòrùn ọ̀sán ní tirẹ̀ lè jó ọmọ lára, ó sì lè gbẹ omi ara rẹ̀. Ohun tí àwọn olùwádìí ṣe ní ilé ìwòsàn Island Maternity ní Erékùṣù Èkó yàtọ̀: wọ́n pa àgọ́ tí wọ́n fi ike pàtàkì bò, tó ń dá ooru àti ìtànṣán tó léwu dúró, tó sì ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ búlúù kọjá. Nínú ìwádìí lórí ọmọ 447 tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2015, àgọ́ náà ṣiṣẹ́ ní ìdá 93 nínú 100 ọjọ́ ìtọ́jú, iná ìtọ́jú tó ń lo iná mànàmáná sì ṣiṣẹ́ ní ìdá 90. Àwọn nọ́ọ̀sì ló ń ṣọ́ àwọn ọmọ yìí, tí wọ́n ń wọn bí ara wọn ṣe gbóná tó, tí dókítà sì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Ní Yẹ́nágóà, obìnrin kan tó ń jẹ́ Virtue Oboro ti ṣe ibùsùn ìkókó tó ń fi agbára oòrùn tan iná búlúù, fún ilé ìwòsàn tí iná ìjọba kì í dúró sí.

Àwọn àmì kan wà tí kò gba ìdúró. Ojú tó pọ́n kí ọmọ tó lo wákàtí 24 láyé kì í ṣe èyí tó ń lọ fúnra rẹ̀. Ọmọ tí kò fa ọmú mọ́, tó ń sùn tí kò ṣeé jí, tí ara rẹ̀ rọ jọ̀wọ̀lọ̀ tàbí tó le gan-gan, tó ń fi ohùn tín-ín-rín ké, tó ń tẹ ẹ̀yìn bí ọrun tàbí tí gìrì mú, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tó ní iná ìtọ́jú, ìbáà jẹ́ lóru. Ilé Ìwòsàn Gbogboogbò Àlímọ̀ṣọ́ wà ní Ìgàndó fún àwọn ará agbègbè náà. Kí wọ́n máa fún un lọ́mú lọ́nà bó bá lè fà á. Bí ojú bá ṣì pọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, tí ìgbẹ́ funfun bí ẹfun, tí ìtọ̀ sì pọ́n, ọ̀nà òróòro ọmọ lè ti dí. Iṣẹ́ abẹ fún irú èyí máa ń yọrí jù bí wọ́n bá ṣe é kí ọmọ tó pé 60 ọjọ́.

Láti inú oyún ni ìmúrasílẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Kí aboyún mọ irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bí Rhesus rẹ̀ bá jẹ́ négétíìfù, tí ti ọmọ tó bí sì jẹ́ pọ́sítíìfù, abẹ́rẹ́ kan wà tó yẹ kó gbà kí wákàtí 72 tó kọjá lẹ́yìn ìbímọ, kí ọmọ tí yóò bí lẹ́yìn èyí má baà kàgbákò. Ibi yòówù kí wọ́n bí ọmọ sí, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́dé tó sún mọ́ wọn lọ́jọ́ kẹta fún àyẹ̀wò. Ọmọ tí ojú rẹ̀ ti pọ́n rí gidigidi, kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò bóyá ó ń gbọ́ràn. Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ìyá àgbà tí ẹ ń wẹ ọmọ, ẹ máa wo ojú ìkókó nínú ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ láràárọ̀ títí ọjọ́ ìkómọ yóò fi pé. Bó bá pọ́n, ilé ìwòsàn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ.