Ìjókòó Àjùmọ̀ṣe Lórí Ètò Koha

Koha ni ètò kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ ilé-ìkàwé fi ń mọ ìwé tí wọ́n ní àti ẹni tí ó yá a. Ilẹ̀ New Zealand ni a ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1999. Ní èdè àwọn Maori, ẹ̀bùn ni ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀, nítorí ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni sì lè tún un ṣe. Ìbàdàn ni àwọn tí ń lò ó káàkiri ayé ti pàdé ní ọdún 2015. Àṣà ìpàdé wọn ni pé, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ sísọ, wọn a jókòó pọ̀ láti ṣe àtúnṣe ètò náà.

Bí àwa ní Ìjẹ̀bú-Òde bá fẹ́ ṣe irú ìjókòó bẹ́ẹ̀, kí a má ṣe pe àwọn amọ̀ṣẹ́ kọ̀ǹpútà nìkan. Olùtọ́jú ìwé ni ó mọ ohun tí ń yọ ọ́ lẹ́nu. Bí ó bá wá ìwé Fágúnwà láìfi àmì ohùn sí i, tí kò sì rí i, kí ó kọ ohun tí ó ṣe àti ohun tí ó rí sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Amọ̀ṣẹ́ yóò wá àtúnṣe rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin Koha ni pé ẹlòmíràn ni yóò dán an wò tí yóò sì fọwọ́ sí i, kí àwọn olùyẹ̀wò tó gbà á. Iṣẹ́ ìdánwò yìí kò béèrè ìmọ̀ jíjinlẹ̀. Sùúrù ni ó ń béèrè. Níbi tí kò bá sí olùdánwò, àtúnṣe a jókòó sílẹ̀ lásán.

Nítorí náà, kí a mú wọn jókòó ní méjì-méjì. Kí a ti fi ẹ̀dà ètò náà sórí kọ̀ǹpútà kan ṣáájú, pẹ̀lú orúkọ àfọwọ́dá, kí ẹnikẹ́ni má ba ìwé àkọsílẹ̀ tòótọ́ jẹ́. Kí a sì ra epo sínú ẹ̀rọ amúnáwá; ẹ̀yin náà mọ ìdí rẹ̀.