Ẹyẹlé Nínú Ilé Tí Ajá Ń Ṣọ́

Ní agbègbè Ọ̀jọ́, láti Ìyànà-Ìbà títí dé Òkòkòmáìkò, ajá lẹ́nu géètì kì í ṣe ohun ìyanu. Ìbẹ̀rù olè ló mú ọ̀pọ̀ wa sìn ín, ìfẹ́ ló tẹ̀lé e. Ẹyẹlé ní tirẹ̀ ti ń bá wa gbélé kí a tó mọ géètì. Orúkọ rẹ̀ gan-an jẹ́rìí sí i. Ìṣòro ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àwọn méjèèjì bá pàdé nínú ọgbà kan ṣoṣo, tí ẹyẹ sì jẹ́ àlejò.

Aládùúgbò mi kan ní Ìbà ra ẹyẹlé mẹ́rin lọ́dún tó kọjá. Ajá méjì ló wà nílé rẹ̀. Ó ní ajá òun gbọ́n, wọn kì í gé ọmọdé jẹ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọmọdé kì í gbọn ìyẹ́. Iṣẹ́ ọdẹ ni ajá ti ń bá ènìyàn ṣe láti ìgbà ìwáṣẹ̀; ohun tó bá fò fìrì níwájú rẹ̀, ẹran ni lójú rẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ẹyẹ mẹ́rin fi di mẹ́ta. Ojú eyín méjì péré ló wà lára èyí tó gbà lẹ́nu ajá, ó sì rò pé yóò yè é. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò mọ́ bá a. Kòkòrò àìsàn tó ń gbé inú itọ́ ajá a máa yára pa ẹyẹ. Bó ti wù kí ọgbẹ́ náà kéré tó, ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ohun tó ṣe nítorí mẹ́ta tó kù ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Ó gbé ilé ẹyẹ kọ́ ògiri níbi tí ajá kò lè fò dé, ó sì fi wáyà olójú wẹ́wẹ́ bò ó. Kò ṣí i sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹyẹlé nílò irú àkókò bẹ́ẹ̀ kó tó mọ ilé tuntun ní ilé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó lè fò padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á. Àárín àkókò yìí ló ń kọ́ àwọn ajá. Ó kọ́kọ́ tẹ́ aṣọ tí ẹyẹ ti sùn lé síbi tí wọ́n ti ń jẹun, kí òórùn rẹ̀ lè mọ́ wọn lára. Lẹ́yìn náà, ó ń fi okùn mú wọn wá sí ọ̀ọ́kán ẹyẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú 5 lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Bí ajá bá gbójú kúrò lára ẹyẹ tó sì wo olówó rẹ̀, ẹran kékeré dé. Bó bá gbó, wọ́n á sún sẹ́yìn. Kò sí pàṣán níbẹ̀: ajá tí a bá nà nítorí ẹyẹ lè sọ ẹyẹ di ọ̀tá.

Èéfín jẹnẹrétọ̀ náà ń pa ẹyẹ, kíákíá ju bó ṣe ń pa ènìyàn lọ. Ẹ má gbé wọn sítòsí rẹ̀.

Ní ti ẹ̀yin tí odídẹrẹ́ wù, láti ọdún 2017 ni àdéhùn àgbáyé CITES ti fòfin de òwò odídẹrẹ́ inú igbó láàárín orílẹ̀-èdè. Èyí tí wọ́n bá ń gbé kiri nínú àgò lójú títì, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹyẹlé mẹ́ta náà ń fò jáde láràárọ̀ báyìí. Ẹyin méjì ni ẹyẹlé máa ń yé, nǹkan bí ọjọ́ 18 ló sì fi ń pa á. Bí ọmọ bá ti wà nínú ìtẹ́, ẹ̀yìnkùlé ni aládùúgbò mi ń ti àwọn ajá mọ́ títí wọn yóò fi lè fò, nítorí ọmọ ẹyẹlé a máa jábọ́.